Ìtẹríba tí Mo Gbé Lé Àbúrò Mi Lọ́rùn

Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kájú ń parí lọ, ìyá ọmọbìnrin kan tí mo ń kọ́ ní kéwú wá bá mi níwájú mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ó pọn ọmọ kékeré sẹ́yìn, ó sì fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́. Ó ní wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní taekwondo nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìjà àwọn ará Kòríà tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ jà, ọmọ òun kò sì jẹ́ kí òun sinmi mọ́. Bàbá ọmọ náà gbà. Ìyá bàbá rẹ̀ kò gbà, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n máa ń tẹríba níbẹ̀.

"Ááfà, ẹ bá wa wò ó," ló wí. "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ìdáhùn ìbéèrè náà kò le. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Síbẹ̀ mo sún un síwájú. Mo sọ fún un pé kí ó padà wá bá mi ní ọ̀sán Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ní ilé bàbá mi. Ó dúpẹ́, ó rò pé mo fẹ́ lọ wo ìwé. Ọmọ náà ní tirẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Mo ti rí irú ìwò yẹn rí. Lójú àbúrò mi ni mo ti rí i.

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkùnrin kan máa ń gun alùpùpù láti Parakou wá bá wa ní ọ̀sán Ọjọ́rú àti ti Sátidé. Mẹ́tìrì là ń pè é, bí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ṣe ń pe ọ̀gá wọn. Kò sí gbọ̀ngàn, kò sí ẹní. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn kíláàsì la ti ń kọ́ ọ, lórí iyanrìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń gbálẹ̀, tí á sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, torí pé ẹsẹ̀ lásán la wà.

Mẹ́tìrì le ju àwọn olùkọ́ wa lọ. Èékánná gbọ́dọ̀ kúrú. Aṣọ funfun náà, tí wọ́n ń pè ní dobok, gbọ́dọ̀ mọ́. Bí ìgbànú ẹnikẹ́ni bá tú, ó gbọ́dọ̀ kẹ̀yìn sí olùkọ́ kí ó tó tún un so. Bí a bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún là ń nà, a ó sì fi ọwọ́ òsì gbé ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún náà. Gbogbo ìyẹn kò ṣàjèjì sí àwa tí wọ́n kọ́ nílé. Ohun tó ṣàjèjì ni pé ìgbànú ni wọ́n fi ń to ènìyàn níbẹ̀. Onífunfun wà lẹ́yìn, oníyẹ́lò wà níwájú rẹ̀, aláwọ̀ ewé tún wà níwájú oníyẹ́lò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé orí Mẹ́tìrì tí tirẹ̀ dúdú. Ọjọ́ orí kò sí nínú ètò náà. Bí ó bá pín wa ní méjì-méjì, ẹni tí ìgbànú rẹ̀ kéré ni yóò kọ́kọ́ tẹríba, ẹnì kejì á sì dá a lóhùn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, àti nígbà tí a bá parí, a máa ń kọjú sí àsíá orílẹ̀-èdè wa tí Mẹ́tìrì so mọ́ ẹ̀ka igi. Á pàṣẹ pé "Kyongne", ìyẹn ni pé kí a tẹríba. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ló ti bá àwa ọmọ mùsùlùmí sọ̀rọ̀. Ìjọ Kátólíìkì lòun ń lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó lè wà lọ́kàn wa. Ó ní ìkíni ni ìtẹríba náà, kò sí ìjọsìn nínú rẹ̀. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni kò bá sì gbà á, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà, òun kò ní bi í ní nǹkan kan.

Àbúrò mi gbé ọwọ́ lé àyà láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí di ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀. Èmi ń tẹríba. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń tẹ̀, ó wù mí bí gbogbo ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò sì fẹ́ dá yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àbúrò mi nígbà náà. Èmi ni mo bẹ Bàbá kí wọ́n tó jẹ́ kó wá. Bàbá ni ladàní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, àwọn ló ń pe ìrun. Oko iṣu àti kájú wọn wà lọ́nà Kika. Wọ́n ní àwọn kò rí ibi tí ọmọbìnrin ti ń kọ́ bí a ṣe ń ta ẹsẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí mo bá lè máa mójú tó o, kó máa lọ. Mo ṣèlérí.

Kò pẹ́ tó fi hàn pé ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń pè ní poomsae wà, tí a máa ń tò tẹ̀léra bí ẹni ń bá ènìyàn tí a kò rí jà. Mẹ́tìrì á fi hàn wá lẹ́ẹ̀mejì, ní ìkẹta àbúrò mi á ti mọ̀ ọ́n. Èmi á tún un ṣe nínú ọgbà ilé wa títí ẹsẹ̀ á fi máa dùn mí. Nígbà tí wọ́n dán wa wò fún ìgbànú àwọ̀ ewé, mo yí sí ọ̀tún níbi tó yẹ kí n yí sí òsì, mo sì bá ara mi tí mo kẹ̀yìn sí àwọn tó ń dán wa wò. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo ń wo ògiri ilé ìwé. Àbúrò mi gba àwọ̀ ewé. Èmi wà lórí yẹ́lò.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, Mẹ́tìrì pín wa, ó sì ní kí èmi àti àbúrò mi kọjú sí ara wa. Nílé, kì í jí láàárọ̀ kó má kúnlẹ̀ kí mi. Báyìí, èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ tẹríba. Mẹ́tìrì pàṣẹ. N kò tẹ̀. Àbúrò mi rí i pé n kò tẹ̀, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì ṣe ohun tí ara rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré: ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn nínú dobok funfun rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀gbọ́n," ló wí.

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́tìrì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí ó dìde, kí ó gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún. Ó ní nílé, kó máa kúnlẹ̀ kí mi bí ó ṣe yẹ. Lábẹ́ igi yìí, ìgbànú rẹ̀ ló ga. Ó wá kọjú sí mi.

"À ń dúró dè ọ́."

Mo tẹríba. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n n kò tíì gbé nǹkan tó wúwo tó orí mi lọ́jọ́ yẹn rí.

Lọ́nà ilé, àwọn ẹgbẹ́ mi kò jẹ́ kí n gbádùn. Ọ̀kan bi mí bóyá èmi ni n ó máa kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ ọ̀la. Òmíràn ní kí n bá ọ̀gá mi gbé bàtà. Àbúrò mi ń bọ̀ lẹ́yìn wa, òun ló gbé báàgì rẹ̀ àti tèmi. Nígbà tí wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ wa, ó sún mọ́ mi, ó ní kí n máà bínú, òun á bẹ Mẹ́tìrì kó má pín wa pọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ rere yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ká ní ó fi mí ṣẹlẹ́yà ni, bóyá ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo lọ bá Bàbá lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ń ṣa kájú tó bàjẹ́ kúrò nínú èyí tó gbẹ. Mo ní níbi tí a ti ń kọ́ ìjà, wọ́n ń ṣe rúkúù fún àsíá, bí ẹni tẹríba lórí ìrun. Ọwọ́ Bàbá dúró nínú kájú.

"Àbúrò rẹ ńkọ́?"

"Ó ń ṣe é, Bàbá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi máa ń gbé ọwọ́ lé àyà. Mẹ́tìrì gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá fẹ́."

Mo mú ohun tí èmi ń ṣe, mo fún un. Mo mú ohun tí òun ń ṣe, mo fi bo ara mi. Bí aṣọ ni mo ṣe pààrọ̀ wọn. Ká ní Bàbá rìn dé ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọn ì bá rí i. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n máa lọ wò? Ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, èmi sì ni wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Wọ́n pè é. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní ó ti parí, kò ní lọ síbẹ̀ mọ́, kí ó sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ó tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ìgbà yẹn ló wò mí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì gbé ojú sílẹ̀. Bí ó bá ní irọ́ ni, èmi ló máa pè ní òpùrọ́ níwájú bàbá wa, wọn kò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

"Mo gbọ́, Bàbá," ló wí.

Ó gba ààwẹ̀ náà. Ọ̀sán ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló gbé oúnjẹ síwájú mi, iyán àti ọbẹ̀ tí wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní, wà nínú rẹ̀. Ó á gbé omi ìṣanwọ́ tì í, á sì lọ jókòó síbi ìdáná, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo jẹ ẹ́. Ó wù mí kí n lè kọ ọ́ síbí pé n kò lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tán.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó fọ dobok rẹ̀, ó ká a pẹ̀lú ìgbànú àwọ̀ ewé náà, ó ní kí n bá òun dá a padà fún Mẹ́tìrì. Mẹ́tìrì ti mú ọmọ mẹ́rin tí yóò lọ bá àwọn ti Parakou díje, àbúrò mi sì wà nínú wọn. Nígbà tí mo sọ fún un pé Bàbá kò gbà mọ́, ó ní òun á wá bẹ̀ wọ́n nílé. Mo ní Bàbá kò fẹ́ rí i. Irọ́ ni. Bàbá kì í lé àlejò. Mẹ́tìrì wò mí pẹ́, ó ní kí n bá òun kí àbúrò mi. N kò jẹ́ iṣẹ́ náà. N kò dá dobok náà padà pẹ̀lú, torí n kò fẹ́ kó tún bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí tí ìyá wa fi sílẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn mẹ́ta ló lọ sí Parakou. Kò pé oṣù mẹ́ta tí èmi náà fi kúrò níbẹ̀.

Ọlọ́run ṣe mí lóore lẹ́yìn ìyẹn ju bó ṣe tọ́ sí mi lọ. Ìjọ mọ́ṣáláṣí wa ló rán mi lọ sí Djougou láti kàwé sí i, wọ́n bọ́ mi, wọ́n sì fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo padà dé. Mo ní aya, mo ní ọmọ, ara mi le. Mo máa ń dúpẹ́ lórí gbogbo rẹ̀ láràárọ̀. Mo sì ti ṣe wàásù lórí irọ́ pípa, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, níwájú Bàbá tí wọ́n jókòó ní ìlà kìn-ín-ní tí wọ́n ń mi orí pé òótọ́ ni.

Ní Sátidé, ọjọ́ kejì Jímọ̀ tí ìyá ọmọ yẹn wá bá mi, mo ṣí àpótí ìyá wa. Kòkòrò ti jẹ ọwọ́ ọ̀tún dobok náà. Mo fi í sínú ọ̀rá dúdú, mo gun alùpùpù lọ sí Bétérou, níbi tí àbúrò mi ń bá ọkọ rẹ̀ gbé. Mo bá a níwájú ilé tó ń yí àgbàdo tó sá sí oòrùn. Ó rí mi, ó dìde kíákíá.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì ní kó dìde, ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo na ọ̀rá náà sí i. Ó fa aṣọ jáde, ó tẹ́ ẹ, ó ki ọwọ́ bọ inú ihò tí kòkòrò jẹ, ìka rẹ̀ yọ sí òdìkejì.

"Ẹ ò tiẹ̀ bá mi fi káńfọ̀ sí i," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ ohun tí mo sọ fún Bàbá, mo sọ ohun tí mo sọ fún Mẹ́tìrì, mo ní kó forí jì mí. Ó ń tẹ́tí sí mi, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ìgbànú náà lórí itan rẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Àwa méjì la jọ ń lọ síbẹ̀, ta ni ì bá tún sọ ọ́ fún Bàbá? Ó ní òun ti forí jì mí ọjọ́ ti pẹ́, ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn náà kò sì sọnù, Ọlọ́run mọ ẹni tó gbà á. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ara mi ti ń fúyẹ́.

"Ṣùgbọ́n Bàbá ṣì rò pé mo ṣe é," ló wí. "Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbà mí níyànjú pé nílé ọkọ, kí n má tún tẹríba fún ohun tí kì í ṣe Ọlọ́run. Níwájú àwọn àna. Ìyẹn ló dùn mí. Ẹ lọ sọ fún wọn."

N kò mọ̀ nípa ìyẹn. Mo wà níbi ìgbéyàwó náà, mo jẹun, mo gba àwọn àlejò, n kò gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo dúró de Bàbá títí àwọn ènìyàn fi lọ tán. Bàbá ti darúgbó. Ohùn wọn ti tín-ín-rín, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ṣì ń pe ìrun. A jókòó sórí ẹní, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n kàn ń ka tẹ̀sùbáà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dé ìparí.

"Ìwọ lò ń tẹ̀," ni wọ́n wí.

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọgbà yẹn ò jìnnà. Ohùn mi ń dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ẹsẹ̀ mi ò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

Wọ́n ní kí n pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo fẹ́ jáde, wọ́n ní kí n jókòó.

"Ìyá mi," ni wọ́n sọ fún un, "ẹ̀gbọ́n rẹ ti sọ fún mi. Mo fi ààwẹ̀ lé ọ lórí láìwádìí. Má bínú sí mi." N kò gbọ́ ohun tí àbúrò mi fi dá wọn lóhùn. Mo kàn rí i pé Bàbá gbé fóònù kúrò létí, wọ́n nu ojú, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n ní àwọn yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti ọ̀la. Ó dà bíi pé ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ni kò rìn, inú àwọn ni yóò san án.

Mo ní n ó bá wọn gbà á. Wọ́n mi orí.

"Rárá. Ìwọ wá sílé mi lọ́sàn-án, kí o jẹun níwájú mi. Bí o ṣe jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ oúnjẹ yẹn. Wọ́n ní kí aya mi gún iyán, kí wàgàsì wà nínú ọbẹ̀. Bàbá á jókòó sórí àga wọn, ètè wọn á gbẹ, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Wọn kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní mo bu iyán ní wẹ́wẹ́, mo rò pé mo lè fi ìyókù sílẹ̀. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ tán. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n dìde láti lọ pe Àlàásárì, wọ́n di ògiri mú kí wọ́n tó lè gbẹ́sẹ̀, oúnjẹ náà sì wà lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kẹta ni Ọjọ́rú. Mo wà nídìí iyán nígbà tí ìyá ọmọ yẹn wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ọjọ́ tí mo dá fún un nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó kí mi kú ìjẹun, mo sì pè é wá bá mi jẹ bí a ṣe máa ń ṣe. Ó dúpẹ́. Ó wo àwo kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀, ó wo Bàbá.

"Bàbá ò jẹun?"

"Mo gba ààwẹ̀," ni Bàbá wí. "Dá a lóhùn, ìwọ. Ìbéèrè tó ní."

Mo ṣan ọwọ́ mi. Mo sọ fún un pé kò sí ìjọsìn nínú ìtẹríba tí wọ́n fi ń kí ara wọn níbẹ̀. Mo ní fún àsíá, kí ọmọ náà bẹ olùkọ́ kó jẹ́ kó gbé ọwọ́ lé àyà. Olùkọ́ tí mo mọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní bí ó bá dé ibẹ̀, ó lè rí i pé ẹni tó kéré sí i wà níwájú rẹ̀, tàbí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kó má kúnlẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà ìyẹn jẹ ẹ́ nílé. Ìyá náà bi mí bí mo ṣe mọ gbogbo ìyẹn. Mo wo Bàbá. Bàbá kò ràn mí lọ́wọ́.

"Mo kọ́ ọ rí, ìyá ọmọ," mo wí. "Èmi àti àbúrò mi. Òun ló mọ̀ ọ́n. Mo parọ́ mọ́ ọn kí wọ́n lè yọ ọ́."

Ọmọ náà gbé ojú sókè, ó tẹjú mọ́ mi, kò sì tètè gbé e sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Òní ni wọ́n ń pàdé," ni Bàbá sọ fún ìyá ọmọ náà. "Má gba ọ̀rọ̀ ọmọ mi gbọ́ lásán. Mú u lọ, kí o dúró, kí o wò ó fúnra rẹ."

Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Ọmọ náà ló ṣíwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ìyá rẹ̀ ń pè é pé kó rọra. Nígbà tí a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́, Bàbá na ọwọ́ sí àwo tó wà níwájú mi. Iyán ṣì kù nínú rẹ̀, ó ti tutù.

"Jẹ ẹ́ tán," ni wọ́n wí.

Mo jẹ ẹ́ tán.